Ogún Ọdún Létí Omi: Ẹ Kú Oríire, Ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun! Ẹ̀yin tí iwájú ilé yín kọ sí títì Ìbòkun, tí ẹ̀yìnkùlé yín kọ sí igbó; ẹ̀yin ìyá tí ń dín àkàrà lójú ọ̀nà ojúbọ; ẹ̀yin àwòrò, ẹ̀yin agbẹ́gilére, ẹ̀yin ọlọ́kadà tí ẹ ń gbé àlejò láti Ọjà Ọba dé ẹnubodè, ẹ kú àjọ̀dún, ọdún á yabo. Ó pé ogún ọdún tí àjọ UNESCO jókòó ní Durban, lórílẹ̀-èdè South Africa, nínú oṣù Keje ọdún 2005, tí wọ́n kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú ìwé ogún gbogbo àgbáyé. Sukur tó wà ní Adámáwá nìkan ló ṣáájú wa ní Nàìjíríà, 1999 ni wọ́n kọ tiẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn kò tíì sí títí di òní. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà tó ijó?

Bí ìkíni irú èyí bá délẹ̀, ìjọba ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. Wọ́n á kí gómìnà, wọ́n á kí kọmíṣánnà, wọ́n á wá da "gbogbo ọmọ ìlú lápapọ̀" lé e nídìí bí ẹni ń bu omi sí ọbẹ̀ tí kò kárí. Èmi ò wá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo bá wá. Hẹ́kítà 75 ni igbó yẹn, nínú ìlú tí ilé ti ń hù bí olú. Ẹ fojú inú gbé hẹ́kítà 75 lọ sí Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fíà: ọmọ onílẹ̀ ì bá ti tà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn ì bá sì tún máa wá ẹni kẹta tí wọn ó tà á fún. Tìsàlẹ̀ yìí ṣì dúró. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ní Durban kò lè dúró sẹ́nu ọ̀nà lóru kó máa wo ẹni tó gbé àdá wọlé. Aládùúgbò ló ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ omi yangàn díẹ̀, nítorí ọjọ́ ayẹyẹ la wà. Òṣogbo kò sí létí òkun. Kò sí ọkọ̀ ńlá kan tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Síbẹ̀, ìdí ẹja ni oyè ọba wa ti ṣẹ̀. Láròóyè, ọba wa àkọ́kọ́, dúró létídò, ẹja ńlá kan jáde sí i láti inú omi, ó tẹ́wọ́ gbà á: A-tẹ́wọ́-gba-ẹja, tẹ́nu ń lọ̀ ọ́ títí tó fi di Àtáọ́ja. Ẹ wá kọjú sí Iléṣà. Kí ni wọ́n ń pe ọba tiwọn? Ọwá Obòkun. Ajíbógun ni wọ́n ní kó lọ bu omi òkun wá, kí wọ́n fi ṣe egbòogi ojú fún Odùduwà, bàbá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ fọ́. Ó lọ, ó pẹ́ lọ́nà, ó bu òkun náà bọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Obòkun. Ìlú méjì tí òkun jìnnà sí, omi ni ọba méjèèjì fi ń jẹ́ orúkọ. Kí ará Èkó tó ń fi ọ̀sà yọ wá lẹ́nu rọra o.

Títì tó gba ẹ̀gbẹ́ igbó kọjá, tí a ń pè ní títì Ìbòkun, Ìbòkun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ń lọ, ìlú àtijọ́ tí orúkọ Obòkun ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ojú títì yìí, òkun wà nínú àdírẹ́sì yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà yẹn ni Láròóyè ti wá. Ìpólé ló ti gbéra, ọ̀dá omi ló sì lé e. Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tó mọ igbó bí ẹni mọ ìyẹ̀wù ara rẹ̀, ló ṣíwájú, òun ló rí odò ńlá tí kì í gbẹ. Wọ́n tẹ̀dó sí bèbè rẹ̀, wọ́n ń ṣán igbó, ni igi kan bá wó sínú omi gbì. Ohùn obìnrin kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ omi. Ó ní ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa orúkọ Òṣogbo yọ.

Mo ti gbọ́ ìtàn yìí bí ìgbà tí ẹnìkan ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó fetí sí ohun tó ń sọ. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀ nílùú wa, ẹjọ́ aláró tí wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹjọ́ adé, kì í ṣe ẹjọ́ ààlà. Obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ kan ló ti ń gbé ibẹ̀, tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, kí ọba tó dé. Àdúgbò ti wà kí ìlú tó wà! Bí obìnrin náà ṣe parí ẹjọ́ sì rèé: kò lé wọn. Ó ní kí wọ́n gòkè díẹ̀, kí òun àti àwọn má baà máa fara gbún ara. Wọ́n gòkè, wọ́n tún ṣí síwájú, títí ààfin fi dé ẹ̀bá Ọjà Ọba tó wà lónìí. Ibi tí ààfin àkọ́kọ́ wà ṣì ń bẹ nínú igbó, wọ́n sì ń dé ibẹ̀ bí ọdún bá dé. Gbogbo ohun tí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ láti ìgbà náà kò ju àdéhùn yẹn lọ: sún mọ́ mi, má wọlé mi.

Ọ̀ṣun, obìnrin inú omi náà, kò yẹ àdéhùn. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dé ní nǹkan bí ọdún 1840, tí Balógun Odérìnlọ́ kó ogun Ìbàdàn wá gba Òṣogbo sílẹ̀, àwọn àgbà ìsàlẹ̀ yìí kì í gbà pé Ìbàdàn nìkan ló ṣe é. Wọ́n á ní Ọ̀ṣun di olóúnjẹ, ó ń ta ẹ̀fọ́ fún àwọn ọmọ ogun ọ̀tá, inú sì ń run wọ́n títí wọn ò fi lè gun ẹṣin. Ẹ jẹ́ kí àwọn òpìtàn máa ka ìbọn. Èmi mọ ọwọ́ obìnrin olóúnjẹ Òṣogbo. Mi ò ní bá a jiyàn.

Ní 1907 ni rélùwéè wọlé láti Èkó, ibẹ̀ ni èbúté tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Èbúté ni mo pè é, n ò sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ibùdókọ̀ Òṣogbo ni ẹrù tó ti etí ọ̀sà wá ń sọ̀ sí: símẹ́ńtì, páànù, iyọ̀, aṣọ. Ibẹ̀ ni kòkó àti ekuro sì ti ń lọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ya wá. Òṣómàálò, ẹni tó gbé aṣọ fún ọ láwìn tẹ̀ríntẹ̀rín, tó sì wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ lọ́jọ́ owó, tó ní òun ò dìde àfi bí òun bá gbowó òun. (Ìyá tó jẹ wọ́n lówó rí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn.) Páànù àti símẹ́ńtì yẹn náà ló mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì irú ti àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wá, wọlé, ilé tí ó ní òpó rìbìtì lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ère kìnnìún símẹ́ńtì máa ń jókòó lórí àwọn mìíràn nínú wọn. Ẹ máa rántí kìnnìún yẹn, nítorí òun ló bí ìdajì ohun tí à ń ṣàjọyọ̀ rẹ̀ lónìí.

Nínú ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, lójúlé 41A títì Ìbòkun, ni obìnrin òyìnbó kan gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí Susanne Wenger sí ní 1915. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, dé Nàìjíríà ní 1950. Wọ́n gbé Ẹdẹ, wọ́n gbé Ìlobù, kí wọ́n tó sọ̀ ka Òṣogbo. Beier bá tirẹ̀ lọ nígbẹ̀yìn, òun jókòó. Ó wọ awo Ọbàtálá, ó fẹ́ onílù, ó ń sọ Yorùbá débi pé ẹni tó bá ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn á rò pé ìyá àgbà ilé ni. Àdùnní Olórìṣà ni ẹ̀ ń pè é. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 2009 ló fi ayé sílẹ̀, ó ti lé lẹ́ni 90 ọdún.

Nígbà tó dé, igbó náà ti ń kú lọ. Ìjọba amúnisìn ti gé apá kan nínú rẹ̀ láti gbin igi tíìkì. Àwọn ọdẹ ń wọ ibi tí ẹnì kan kì í ti í yìnbọn tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja ń da àwọ̀n sí omi tí a kì í pa ẹja rẹ̀, ojúbọ ń wó, wọ́n sì ń jí ère gbé lọ tà. Àwọn àwòrò tó kù ń darúgbó. Bí Àdùnní bá jẹ́ irú àlejò tó mọ̀ ọ́n kọ ni, ì bá kọ ìwé ẹ̀hónú sí Ìbàdàn kó sì padà sílé. Bíríkìlà ló lọ wá.

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi nínú jù. Kì í ṣe ọ̀gbẹ́ni tó ti ilé ẹ̀kọ́ ọnà jáde ló kó jọ. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Ìdíje kan ni wọ́n ṣe fún àwọn bíríkìlà láti fi símẹ́ńtì mọ ẹranko irú èyí tó ń wà lórí ilé Àgùdà (ẹ rántí kìnnìún wa), ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti hàn. Ó ń mọ ọnà sára ilé epo Esso nínú ìlú, ó ń mọ ọ́n sára ilé Àdùnní, kó tó di pé ó wọ igbó, tí òun àti àwọn yòókù fi ń mọ ògiri àti ẹnubodè tó yí igbó ká. Buraimoh Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Kàsálì Àkàngbé Ògún ń gbẹ́ igi, ère rẹ̀ a gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń na ọrùn wo ohun tó wà lẹ́yìn ògiri. Ẹ wo ẹnubodè yẹn dáadáa bí ẹ bá ń kọjá: ìlà ìka ènìyàn ṣì wà lára símẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó tó gbẹ. Ohun tí ọlọ́pàá igbó kò lè ṣe, ère ṣe é. Tani yóò gbé ayùn lọ gé igi tí Ìyá Moòpó, ìyá àwọn amọ̀kòkò àti aláró, dúró tì gàgàrà, tó ń wò ó lójú?

Nítorí náà, bí wọ́n ṣe sọ apá kan igbó di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní 1965, tí wọ́n sì fa ààlà rẹ̀ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́ ilẹ̀. Ọba Samuel Adénlé, Àtáọ́ja ìgbà náà, fi ọlá ààfin bò wọ́n, ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré. Iṣẹ́ ọnà kò sì mọ sínú igbó nìkan: ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di gbọ̀ngàn òṣèré. Mbari ni Beier fẹ́ kó máa jẹ́, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Ará ọjà gbọ́ ọ, wọ́n ní "Bí mo bá rí i, mà á yọ̀," bó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn. Òṣogbo kì í gba àlejò orúkọ láì tún un kọlà. Láti àárín ẹgbẹ́ yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ọnà bíi Twins Seven Seven, Jimoh Buraimoh, Muraina Oyèlámì àti àwọn mìíràn ti dìde tí ayé fi mọ̀ wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà àdúgbò yìí, ẹ má wo ọjọ́ ọdún. Ẹ wo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán. Ládàánì á ti pe ìrun. Bàbá alájí á ti mọ́sálásí bọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, yóò yà bá àbúrò rẹ̀ olórìṣà, wọ́n á jọ jẹ ẹ̀kọ. Ọmọ á gbé kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lọ́wọ́ méjèèjì. Ọ̀bọ á sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi sórí ògiri, yóò máa fi ojú ìfà wo ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ìyá yóò sì máa bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ iyàwó wí. Kò sẹ́ni tí yóò sọ òkò sí i. Ẹ wo orúkọ àwọn Àtáọ́ja ìgbà tiwa náà: Samuel, lẹ́yìn náà Ìyíọlá, wàyí Jimoh. Orúkọ Bíbélì, orúkọ ilé, orúkọ mùsùlùmí, gbogbo wọn ló ń tẹ́wọ́ gba ẹja. Níbòmíràn, ogun ni wọn ì bá fi èyí jà. Ní apá kejì ìlú, a tilẹ̀ ní àdúgbò tó ń jẹ́ Alékúwodò. Ìlú tó bá ti lé ikú wọ odò, ìjà ẹ̀sìn wo ni yóò tún rí ààyè?

Ọdún Ọ̀ṣun wá ni, lóṣù Kẹjọ! Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń ṣí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, àtùpà irin tí wọ́n ní lọ́wọ́ iwin inú igbó ni wọ́n ti gbà á. Wọ́n á tàn án láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, ọba àti àwọn ará ààfin á jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yẹ kí n sọ èyí o: Òṣogbo yìí kan náà ni ibi tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà. Bí wáyà orílẹ̀-èdè bá dá lulẹ̀, láti Sókótó dé Calabar, Òṣogbo ni wọ́n máa ń dárúkọ nínú ìròyìn. Kí wọ́n máa dárúkọ wa nítorí iná yẹn. Iná olójú mẹ́rìndínlógún tiwa, epo rẹ̀ kì í tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ Arugbá. Ọmọbìnrin wúndíá láti ìdílé ọba, igbá lórí, aṣọ bò ó, kò sọ̀rọ̀, kò wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò, nítorí kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi àtòrì na ara wọn níwájú, bàtá ń dún, àwọn tó ti Brazil àti Cuba wá ń sunkún láìmọ ìdí. Ní ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, níbi tí igi ti bo oòrùn lójijì, ariwo á rọlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ sálúbàtà lórí iyanrìn. Ẹ ó gbọ́ omi. Lẹ́yìn náà ni "Oóre Yèyé o!" yóò bú gbàmù. Túndé Kèlání ṣe fíìmù sí orúkọ ọmọbìnrin yìí ní 2008, ó sì dára, àmọ́ kámẹ́rà kan kò tíì lè gbé ìṣẹ́jú ìdákẹ́jẹ́ yẹn délé fún mi.

Mi ò ní fi ayẹyẹ bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọdún mélòó kan, omi náà ti pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ ilẹ̀ nínú àwọn odò kéékèèké, ẹrẹ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá wa, wọ́n sì ti ń kìlọ̀ fún ẹni tó bá wá ṣọdún pé kó má mu ún. Ìyá tó ti ń fi omi yẹn wẹ ọmọ láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ ti fi wẹ òun, ẹ sọ fún un pé kó dúró. Ẹ wo ojú tí yóò fi wò yín. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni mo ń bá wí. Odò tiwọn, tó wà lẹ́yìn ilé wọn, ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Kò sí ìwé UNESCO tó lè sẹ́ omi. Àmọ́ ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo. Ẹ kú ariwo. Ẹ má dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká jó ti ogún ọdún yìí ná. Ẹ kí ìyá alákàrà fún mi. Ẹ kí àwọn ọmọ ọmọ bíríkìlà tó ń tún ògiri ṣe lẹ́yìn òjò. Ẹ kí ọba wa, Àtáọ́ja Jimoh Oyètúnjí Ọlánipẹ̀kun, Láròóyè Kejì. Kádé pẹ́ lórí. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí nǹkan kan tí kì í sí nínú ìròyìn, kó dúró títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Arugbá, nígbà tí àlejò ti ń lọ, tí wọ́n ń gbá piọ́ wọ́tà tó fọ́n ká jọ lójú títì. Àwọn mọ́tò á tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kọ̀ndọ́kítọ̀ á máa kígbe, "Ìbòkun! Ìbòkun! Iléṣà wọlé o!" Àwọn ìyá àgbà á gòkè sínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fa ìró jọ, wọ́n á jókòó. Lórí itan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìgò omi Ọ̀ṣun kan, tó dé mọ́ra, tí wọ́n fi ìdí gèlè wé, ni yóò wà. Omi tí Láròóyè wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń gbé e padà lọ síbẹ̀, ìgò kan lẹ́yìn ìkejì, dẹ́rẹ́bà á sì ní kí wọ́n sún mọ́ra wọn díẹ̀ sí i, ó ku ẹnì kan.